Ogún Máàkì Tí Mo Fi Ba Iṣẹ́ Ọmọ Ọlọ́mọ Jẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò jalè, mi ò sì fọwọ́ kan aya aláya. Ogún máàkì ni mo fi bíírò sí orí ìwé kan, mo sì dìídì fi àlàfo ẹyọ kan sílẹ̀. Bí mo bá ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn lónìí, àlàfo yẹn ni ó ń tì mí lójú ju ogún máàkì náà lọ.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tí mo máa ń ṣa àṣìṣe inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. "Ojú Àwòdì" ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi jókòó sórí àga kan ṣoṣo, tí mo tẹrí ba fún ìwé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dìde lórí àga náà láti lọ mu omi. Ẹsẹ̀ mi òsì kò bá mi dìde.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe ìrora yẹn fún ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ó gba ẹ̀yìn itan, ó gba ẹ̀yìn orúnkún, ó sì sọ̀kalẹ̀ títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi wáyà gbígbóná gba inú egungun. Bí mo bá wúkọ́, yóò ta mí. Bí mo bá sín, n ó di ògiri mú. Ṣòkòtò wíwọ̀ di iṣẹ́ ènìyàn méjì.

Ní ilé ìtọ́jú, wọ́n ní iṣan ńlá kan tó ti ìbàdí sọ̀kalẹ̀ sínú ẹsẹ̀ ni nǹkan há mọ́ láàárín egungun ẹ̀yìn mi. Wọ́n ní kò tíì di ti iṣẹ́ abẹ, pé ìdárayá ni oògùn rẹ̀. Nítorí pé òkè kẹta ni a ń gbé, wọ́n ní ẹnì kan yóò máa wá bá mi sílé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ẹni náà ni mo ṣẹ̀.

Ọmọbìnrin ni, kò lè ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó kéré lára débi pé àpò tó gbé kọ́ èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti sọ ọ́ ní Dókítà Kékeré.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má jẹ́ kí àwọn dókítà gbọ́ o, sà. Èmi ò tíì di nǹkan kan. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán wa wò níbi iṣẹ́ wa. Oṣù kẹrin ni mo wà yìí. Tí mo bá yege, wọ́n á gbà mí wọlé pátápátá."

"Tí o ò bá yege ńkọ́?"

"Ẹ má gbàdúrà ẹ̀ sà."

Ọwọ́ rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó ń lọ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn mi níbì kan, ó ní, "Ṣé ibí yìí ni?" Ibẹ̀ gan-an ni. Èmi tí mo ni ẹ̀yìn, n kì bá tí lè tọ́ka sí i.

Ó kọ́ mi ní ohun tí n ó máa ṣe. N ó dojú bolẹ̀, n ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ti àyà mi sókè bí alángbá tó ń wo ẹni tó ń bọ̀, nígbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Lẹ́yìn náà, n ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìta, n ó sì rìn: ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kejì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ kẹta.

"Tó bá dùn mí ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ó máa dùn yín, sà. Mi ò ní í tàn yín. Tó bá dùn díẹ̀, ẹ máa bá a lọ. Tó bá dùn jù, ẹ dúró."

Ó wá lẹ ìwé kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú àyè láti fi máàkì sí, àti àyè láti kọ ibi tí mo rìn dé àti iye ìṣẹ́jú tí mo fi rìn ín.

"Ọjọ́ tí ẹ ò bá ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Àlàfo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ni mo máa fi mọ ohun tó kàn láti fún yín ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń rí yín. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, ìwé yìí ló máa ń bá mi wò yín."

Mo ṣèlérí. Mo sì ní i lọ́kàn láti mú un ṣẹ; ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ìyàwó mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tó ti ń ránṣọ, mo dojú bolẹ̀ nínú yàrá. Mo ti àyà sókè lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, wáyà gbígbóná yẹn kọjá láti ìdí dé ẹsẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan ilẹ̀, mo ń gbóòórùn ọṣẹ tí wọ́n fi nu ilẹ̀ náà. Ó tó wákàtí kan kí n tó lè wọ́ ara mi padà sórí ibùsùn. Mo wá sọ fún ara mi pé ó di ọ̀la.

Ọ̀la dé. Mo wo ilẹ̀, ilẹ̀ wò mí.

Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi pè lórí fóònù. Awakọ̀ akẹ́rù ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, kò sì sí àìsàn kan láyé tí kò ní ìmọ̀ràn lé lórí.

"Wọ́n ní kí o máa rìn? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ẹ́ náà?"

"Ẹsẹ̀ náà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ìyẹn ló máa tú iṣan náà sílẹ̀."

"Tí ojú bá ń dùn ẹ́, ṣé wọ́n á ní kí o fi ata sí i kó lè ríran dáadáa? Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bá ń dún, wọ́n máa ń pa á ni. Dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ rẹ, jàre."

Mi ò lè sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ló tì mí. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni ó sọ, ẹnu rẹ̀ ni ó sì fi sọ ọ́. Mo dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ mi.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, aago mẹ́wàá ni Dókítà Kékeré yóò dé. Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, mo gbójú sókè, mo rí ìwé náà lára ògiri, ó funfun báláú. Ìtìjú bò mí. Èmi àgbàlagbà, èmi tí mo jáde ní yunifásítì, mo wá dà bí ọmọléèwé tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Mo mú bíírò. Mo ní ọjọ́ kan tí mo gbìyànjú yẹn nìkan ni n ó fi máàkì sí.

Ọwọ́ mi kò dúró níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí mo ṣe ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti jinlẹ̀. Ẹlòmíì ìbá kàn sáré fi máàkì mẹ́fà méje síbẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, àṣírí rẹ̀ ìbá sì tú. Ṣùgbọ́n ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń wo ìwé. Mo mọ bí òtítọ́ ṣe máa ń rí lórí pépà. Bíírò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo lò. Mo tẹ ọwọ́ mọ́ ti ọjọ́ kan, mo kọ ti èkejì fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó rẹ̀. Mo kọ "ìṣẹ́jú mẹ́rin" síbì kan, "mẹ́fà" síbòmíì, nítorí pé kò sí ẹni tó ń rìn márùn-ún géérégé lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọjọ́ Àbámẹ́ta sílẹ̀ lófìfo, mo sì kọ "orí ń fọ́ mi" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé tó bá mọ́ jù, ṣebí ènìyàn máa ń fura sí i.

Ó dé, ó kí mi, ó dúró níwájú ìwé náà fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ wò ó, sà. Àwọn kan wà tí mo ń fi ọjọ́ gbogbo bẹ̀, wọn ò ní í ṣe ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ." Ó wá fi ìka kan àlàfo ọjọ́ Àbámẹ́ta. "Èyí gan-an ló dùn mọ́ mi nínú jù. Ẹni tó bá lè fi àlàfo sílẹ̀, olóòótọ́ ni."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi tilẹ̀ dùn sí ìyìn náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, irọ́ náà rọrùn. Oògùn ìrora tí wọ́n fún mi àti ìdùbúlẹ̀ ń mú kí ara fúyẹ́ díẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè pé, bí ara bá ń yá, ṣé irọ́ náà tún jẹ́ irọ́? Ẹ rí i, ìwé kíkà kò gba ènìyàn lọ́wọ́ ara rẹ̀. Nígbà mìíràn ńṣe ni ó máa ń bá a wá àwíjàre.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, onílé kó àwọn tó ń lẹ táìsì wá sí àtẹ̀gùn ilé wa. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, wọ́n fi okùn dí i láti òkè délẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ símẹ́ńtì tútù. Àtẹ̀gùn irin tó wà lẹ́yìn ilé nìkan ló kù, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì nà gooro bí àkàbà. Ìyàwó mi bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó gba ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Tí mo bá já bọ́, ẹ sọ fún àwọn oníbàárà mi pé mo ti lọ ra òwú," ni ó wí. "Ẹ̀yin, ẹ má dá a láṣà o. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, mo máa rà á bọ̀."

Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gé táìsì nísàlẹ̀. Nígbà tí òpin ọ̀sẹ̀ dé, mo fi máàkì mi méjèèje síbẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Dókítà Kékeré ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Ogún nínú mọ́kànlélógún. Sà, ara yín ti gbára dì. A lè bọ́ sí èyí tó kàn."

Ó lọ bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ìdajì, ó gbé e kalẹ̀ láàárín yàrá. Ó ní n ó tẹ orúnkún, n ó sì gbé e láìtẹ ẹ̀yìn, kí n tún gbé e kalẹ̀. Ó fi hàn mí lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìrora yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń dín kù?"

"Ó ti dín kù gan-an," ni mo wí.

"Ẹ sọ tòótọ́ fún mi o. Èyí kì í ṣe ohun tí mò ń fún ẹni tí kò bá tíì máa rìn dáadáa."

Ìgbà yẹn ni ó yẹ kí n sọ ọ́. Mo tilẹ̀ la ẹnu.

"Ẹ fẹ́ sọ nǹkan, sà?"

"Rárá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni mò ń wò."

Mo tẹ orúnkún, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé e. Nǹkan já nínú ẹ̀yìn mi. Mi ò gbọ́ igbe tí wọ́n ní mo ké. Ohun tí mo rántí ni omi tó ń ṣàn lábẹ́ mi, àti ojú ọmọ yẹn lókè mi, tó ń sọ pé, "Ẹ má mira, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò ní ilé ìwòsàn. Láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi kú tipiri, bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì tí wọ́n so mọ́ mi.

Ìyàwó mi kì í ṣe oníjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ kan ilé rẹ̀ ti fa ìrù ẹkùn. Ó lọ bá Ọ̀gá Àgbà ilé ìtọ́jú náà.

"Ọkọ mi tó ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kó ṣe," ni ó wí fún un, "tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni ń kọ ìwé mímọ́. Ọmọ tí kò tíì mọ iṣẹ́ lẹ rán sí i, ó wá fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn."

Ọ̀gá Àgbà pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó rọra ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ọmọ wa sọ pé ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ ni òun tẹ̀ lé. Ṣé ẹ ṣe gbogbo ohun tí ẹ kọ síbẹ̀?"

Ìyàwó mi jókòó tì mí, ó ń fi aṣọ gbígbóná tẹ ìbàdí mi. Ó gbójú sókè.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Mo ṣe é."

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gba àwọn aláìsàn tó wà lọ́wọ́ Dókítà Kékeré kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó lọ máa ka ọ̀pá ìtìlẹ̀ ní yàrá ẹrù títí tí wọn yóò fi pinnu bóyá kó máa lọ sílé.

Ó wá sílé wa lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọn kò rán an. Ìyàwó mi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò gbé àpò ńlá yẹn wá, ó sì dà bí ẹni pé ó tún kéré sí i.

Kò jókòó. "Sà, mi ò wá bẹ̀ yín. Mo kàn fẹ́ béèrè nǹkan ni."

"Béèrè."

"Ọjọ́ yẹn, ṣé mo gbé ọwọ́ mi síbi tí kò yẹ? Àbí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ló wúwo jù? Mo ti rò ó títí. Mo lọ bu omi sínú rẹ̀ nílé, mo wọ̀n ọ́n. Mi ò rí ibi tí mo ti ṣìṣe. Tí mi ò bá sì mọ ibẹ̀, mo tún lè ṣe é fún ẹlòmíì." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ní yàrá ẹrù tí mo wà yìí, inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé mi ò fọwọ́ kan ènìyàn mọ́."

Òtítọ́ wá sẹ́nu mi, ó dúró síbẹ̀. Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, Ọ̀gá Àgbà yóò mọ̀, ìyàwó mi yóò mọ̀, wọn yóò sì gbọ́ ọ ní ilé ìtẹ̀wé pé Ojú Àwòdì ń ṣe ayédèrú. Mo ro ti ara mi tán pátá, mi ò sì rántí ro tirẹ̀.

"Ó lè jẹ́ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni," ni mo wí.

Ó mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́, òun ni ó dúpẹ́.

Kí wọ́n tó lé e, òfin ilé ìtọ́jú náà ni pé ẹni tó fẹjọ́ sùn gbọ́dọ̀ wá sọ ọ́ lójú ẹni tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Wọ́n gbé mi lọ. Wọ́n tẹ́ mi sórí ìjókòó gígùn kan nínú ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà, nítorí mi ò lè jókòó. Dókítà Kékeré wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìwé náà wà lórí tábìlì.

"Ẹ fún mi níwèé yẹn," ni ìyàwó mi wí. Ó mú awò tó fi ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ jáde, ó fi sójú. "Mo fẹ́ kà á fún yín, kí ẹ mọ irú ẹni tí ẹ ṣe báyìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ohùn rẹ̀ le, ó kún fún ìgbéraga nítorí mi. "Ọjọ́ Ajé, ó rìn dé ìta, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún o. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, orí ń fọ́ ọ. Ẹ rí i pé kò parọ́." Mo ń wo àjà. Ó kà á dé ọ̀sẹ̀ kejì. "Ọjọ́ Ajé, dé ilé olóògùn, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́wàá. Ọjọ́rú, ó sọ̀kalẹ̀, ó rìn dé ìkóríta, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ọjọ́bọ̀…"



Ó mú ìwé náà súnmọ́ ojú. Ó fi ìka tẹ ọjọ́ inú oṣù náà, ó ń ka nǹkan lábẹ́ ẹnu.

"Ṣé kì í ṣe Ọjọ́rú yìí ni àwọn onítáìsì…" Ó yí sí mi. Láti ọdún mọ́kànlélógún tí a ti ṣègbéyàwó, "ẹ" ni ó fi ń bá mi sọ̀rọ̀. "Bàbá wọn, ibo lo gbà sọ̀kalẹ̀?"

"Mo gba ẹ̀yìn," ni mo wí.

"Àtẹ̀gùn irin. Ìwọ. Èmi tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé, mo bọ́ bàtà kí n tó gba ibẹ̀. Ìwọ tí mo ń bá wọ ìbọ̀sẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Àbí ojú fèrèsé lo gbà?"



Ọ̀gá Àgbà gbé ọwọ́ lé tábìlì. "Bàbá, ẹ̀yin la ń dúró dè."

"Mi ò ṣe é," ni mo wí. "Ọjọ́ kan péré ni mo gbìyànjú. Ìyókù, mo kọ ọ́ ni."

"Nígbà tí mo pè yín ńkọ́?"

"Irọ́ ni mo pa."

Mo rò pé Dókítà Kékeré yóò bú mi, tàbí kó sunkún. Ó kàn fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì tú èémí sílẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ọwọ́ mi kọ́ nígbà náà," ni ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọwọ́ mi kọ́."

Ìyàwó mi ká ìwé náà, ó gbé e padà sórí tábìlì. Ó lọ bá a lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì di ọwọ́ náà mú. "Ọmọ mi, mo fẹnu mi bà ọ́ jẹ́ káàkiri. Ẹnu yìí náà ni n ó fi tún un ṣe." Ó sì tún un ṣe. Títí di àwọn oníbàárà tó ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ fún wọn pé ọkọ òun ló parọ́.

Nígbà tí a délé, ohun kan ṣoṣo ni ó sọ fún mi. "Pé ẹ̀rù ìrora bà ọ́, ènìyàn ni ọ́, ẹ̀rù lè ba ènìyàn. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n wọ aṣọ mi tó dáa, kí n lọ jà fún irọ́."

Wọ́n dá Dókítà Kékeré padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì gbà á wọlé pátápátá nígbà tí oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé. Mo ránṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa tọ́jú mi lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pè mí.

"Mo ti dárí jì yín, sà. Àmọ́ mi ò lè tọ́jú yín. Tí mo bá fọwọ́ kàn yín tí ẹ ní kò dùn yín, mi ò ní í mọ èyí tí mo máa gbà gbọ́, ẹnu yín ni àbí ìka mi. Mo lè ṣe yín léṣe níbi tí mo ti ń rò ó."

Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun ni wọ́n rán wá dípò rẹ̀. Sójà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Mo béèrè bóyá òun náà yóò lẹ ìwé mọ́ ògiri.

"Ìwé kẹ̀? Mo gbọ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n kọ ju ẹni tó ni ín lọ. Ní ọ̀dọ̀ tèmi, ẹsẹ̀ la fi ń kọ ọ́. Ó yá, ẹ dojú bolẹ̀."

Mo dojú bolẹ̀. Ó dùn mí, mo sì sọ pé ó dùn mí. Ó ní, "Ó ti dùn tó báwo?" mo sì sọ bó ṣe dùn tó, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Ìyẹn gan-an jẹ́ ìdárayá, kò sì rọrùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi tó jí. Lẹ́yìn náà ni ìrora náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀ bí ayálégbé tí wọ́n fún ní ìwé pé kó jáde: ó kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó kúrò ní ẹ̀yìn orúnkún, ó gòkè lọ sí itan, ó wá kù sí ìdí nìkan. Inú Sójà dùn. Ó ní bí ó bá ti ń gòkè, ó ń lọ nìyẹn. Ìṣẹ́jú méjì ni mo kọ́kọ́ rìn ní ìta. Oṣù mẹ́rin kọjá kí n tó padà síbi iṣẹ́, mo sì to páálí ìwé sábẹ́ tábìlì mi títí tó fi ga, kí n lè máa dìde dúró kàwé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò pè mí ní Ojú Àwòdì mọ́. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn. Mi ò sì béèrè.

Kò dá mi lójú pé mo ní ẹ̀kọ́ kan tí mo lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé aláìsàn ni ọ́, tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ bi ọ́ pé ṣé o ṣe é, tí o kò sì ṣe é, sọ pé o kò ṣe é. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni. Èmi sá fún ìṣẹ́jú kan yẹn, mo sì wá rí èyí tó ń bá mi gbé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú bàtà, iṣan náà sì ta mí díẹ̀ ní ìdí. Ìyàwó mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ti ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ padà láti ọjọ́ pípẹ́, a sì ń bára wa rẹ́rìn-ín.

"Ẹsẹ̀ yìí tún ń yọ mí lẹ́nu lónìí o," ni mo wí.

Tẹ́lẹ̀, kí n tó parí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni "pẹ̀lẹ́" rẹ̀ ti máa ń bọ́ sẹ́nu, àní kó tó mọ ohun tó ṣe mí. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó gbójú sókè, ó wo ojú mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó tún wo ojú mi. Kò pẹ́. Kò ju àkókò tí ènìyàn fi ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́."

Mo dúpẹ́, mo sì tẹ orúnkún, mo mú bàtà mi.